Ta ló ń pinnu ọmọ tí yóò lo oògùn ADHD: ọpọlọ rẹ̀ ni, àbí àpò òbí rẹ̀?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́fà ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, ó sì ti wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní Katy, lẹ́bàá Houston. Kò tíì tó oṣù méjì, tíṣà rẹ̀ ti ń pè mí lápètúnpè. Ó ní ìdí rẹ̀ kì í gbé àga, ó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ kì í parí. Dókítà ti fún wa ní fọ́ọ̀mù ADHD, èyí tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ọkàn ọmọ dúró sójú kan tàbí kí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní oògùn lè ràn án lọ́wọ́. Baba ẹ̀ fárígá, ó ní kò sẹ́ni tí yóò fi oògùn olóró bọ́ ọmọ òun, pé ẹgba ló ṣẹ́ kù fún un. Iṣẹ́ òru ni èmi ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí iléèwé bá tún pè mí kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á lé mi. Ṣé àìsàn gidi ni nǹkan yìí, àbí ọjà ni wọ́n ń tà fún wa?

* * *

Ọjọ́ ìbí ọmọ yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Ní Texas, ọmọ tó bá ti pé márùn-ún títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ló ń wọ KG lọ́dún náà. Ọmọ yín fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré yọ. Ká ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án lẹ bí i, KG ni ì bá ṣì wà lónìí, tíṣà ibẹ̀ ì bá sì máa yìn ín pé ó já fáfá. Àwọn kan wà tí wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì báyìí tí wọ́n fi ọdún kan gbáko jù ú lọ. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ọdún kan kì í ṣe kékeré.

Kì í ṣe pé mo kàn ń rò ó lọ́kàn. Lọ́dún 2018, New England Journal of Medicine, ìwé àwọn oníṣègùn, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ní ìnṣọ́ránsì. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, nínú ọmọ 10,000 tí wọ́n bí ní oṣù kẹjọ, 85 ni dókítà ti sọ pé wọ́n ní ADHD. Nínú iye kan náà tí wọ́n bí ní oṣù kẹsàn-án, 64 ni. Ti àwọn tó ń lo oògùn, 53 sí 40 ni. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí kì í lo ọjọ́ yẹn, ìyàtọ̀ yìí ò sí. Ní British Columbia, ní Kánádà, òpin ọdún ni ààlà tiwọn, àwọn ọmọ oṣù kejìlá ló sì ń kó sí i jù níbẹ̀. Mi ò mọ àìsàn ọpọlọ tó ń wo kàlẹ́ńdà iléèwé kó tó mú ọmọ.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn lé dókítà dànù. Àwọn 64 yẹn náà ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í sì í ṣe àbíkẹ́yìn kíláàsì.

* * *

Nínú ẹ̀yin tó dá sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí, ẹni kan béèrè ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ọ̀hún.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní Vanderbilt. Òbí á kọ tiẹ̀, tíṣà á kọ tiẹ̀. Gbólóhùn mẹ́sàn-án wà lórí ọkàn tí kì í dúró sójú kan, mẹ́sàn-án mìíràn wà lórí ara tí kì í balẹ̀. Ẹ ó fi 0 dé 3 dáhùn. 0 ni pé kì í ṣe é rárá, 3 ni pé lemọ́lemọ́ ló ń ṣe é. Bí mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án bá ti gba 2 tàbí 3, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí àárín òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bà jẹ́, dókítà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ti pinnu. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn náà ń béèrè bóyá ọmọ ń ṣe bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì ń tì kiri.

Ẹ ò rí i pé wọn ò fa ẹ̀jẹ̀, wọn ò ya àwòrán ọpọlọ. Ohun tí ojú àgbàlagbà méjì rí ni. Tíṣà tó ní ọmọ tó lé ní ogún níwájú, tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kò lè fi ojú kan náà tí ìyá ń lò wo ẹni tó ń rìn kiri. Kì í ṣe òpùrọ́. Ibi tó dúró sí ló ti ń wò ó. Nílé náà ńkọ́? Baba tó ní ẹgba ló kù á kọ 0 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru, wákàtí méjì kó tó sùn ló ń rí ọmọ, ó sì ti rẹ òun náà. Kí ló fẹ́ kọ?

* * *

"Àìsàn òyìnbó ni. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, ta ló gbọ́ nípa rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu yín. Mi ò gbà.

Ẹ ronú padà sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín. Ṣé kò sí ọmọ kan tí wọ́n ń nà ní àárọ̀, tí wọ́n tún ń nà ní ọ̀sán, tó kúnlẹ̀ tó na ọwọ́ sókè títí àkókò ìsinmi fi dé? Ó tún kíláàsì kẹta kà, ó tún un kà, ó bá di ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé kankan, ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ìṣirò. Àwọn dókítà tiwa ti lọ wá a wò. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 lórí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà rí i lára nǹkan bí ọmọ 8 sí 9 nínú 100. Èyí ò jìnnà sí ti Amẹ́ríkà. Oògùn tó ń dé ọwọ́ wọn ló jìnnà.

Ohun tó ń fún àwọn oníyèméjì lágbára ni pé oògùn dé kí orúkọ tó dé. Lọ́dún 1937, ní Rhode Island, dókítà kan tó ń jẹ́ Charles Bradley fún àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Benzedrine, orí fífọ́ ló fẹ́ fi wò. Kí lojú rí? Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ìṣirò, àwọn fúnra wọn sì ń pè é ní oògùn ìṣirò. Ní 1944, Leandro Panizzon tó ń ṣiṣẹ́ fún Ciba ní Basel ní Switzerland ṣe oògùn kan, ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ Rita sọ ọ́: Ritalin nìyẹn. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1955, ti àgbàlagbà tí àárẹ̀ mú ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Torí náà, bí ẹnì kan bá ní ilé iṣẹ́ oògùn ń wá ẹni tí yóò rà á, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ń tà lè jẹ́ oògùn tó ń ṣiṣẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí owó, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lójú tèmi. Nínú gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó wà fún irú ọmọ yìí, hóró oògùn nìkan ni kò gba àkókò ẹnikẹ́ni.

Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ni pé fún ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún, òbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní bí a ṣe ń darí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Oògùn á tẹ̀ lé e bí èyí ò bá tó. Láti ọdún mẹ́fà lọ, kí méjèèjì jọ máa lọ. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nìyẹn. Ní 2016, CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, kéde pé nínú àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún tí wọ́n ń tọ́jú, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń lo oògùn, nǹkan bí ìdajì ló sì ń rí ìrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe ti oògùn. Kí ló fà á? Dókítà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìnṣọ́ránsì sì ń san owó oògùn láìjanpata. Ẹ̀kọ́ òbí ní tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni, ọ̀sán gangan ni, ẹni tó ń kọ́ni sì lè wà ní ìdàkejì ìlú. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru á sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ?

Olówó náà ń lo oògùn o. Ṣùgbọ́n ó ní onímọ̀ ìhùwàsí ọmọ tó ń wá sílé, ó ní lẹ́sìnnì, ó ní iléèwé tí ọmọ méjìlá wà ní kíláàsì. Bí ọmọ rẹ̀ bá tún dàgbà, ìwé dókítà yẹn á gba àfikún àkókò fún un nínú ìdánwò. Hóró kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì gbé mì. Ti ọ̀kan ní ilé tó gbà á dúró, ti èkejì kò ní nǹkan kan lẹ́yìn.

Ibi tí ẹ ń gbé náà ń dá sí i. Ní 2011, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò CDC, nínú 100 ọmọ ní Kentucky, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19 tí wọ́n ti sọ fún òbí wọn rí pé ADHD ni. Ní Nevada, kò pé 6. Ṣé omi Kentucky ló burú? Stephen Hinshaw àti Richard Scheffler, onímọ̀ méjì ní yunifásítì Berkeley, wo ọ̀rọ̀ ìdánwò. Òfin No Child Left Behind tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní 2002 so ìyà àti orúkọ iléèwé mọ́ èsì ìdánwò. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí irú ìfiyàjẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá, iye ọmọ mẹ̀kúnnù tí wọ́n ní ó ní ADHD fò sókè ju ti ọmọ olówó lọ dáadáa.

* * *

"Owó ìjọba ni àwọn òbí kan ń wá." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ìdájọ́ kóòtù gíga jù lọ nínú ẹjọ́ Zebley ní 1990 mú kí ó rọrùn fún ọmọ tálákà láti gba SSI, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún tálákà tó ní àìlera, ADHD sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbà á. Ní 1996, wọ́n sé ilẹ̀kùn náà dé ìwọ̀n àyè kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàápàá, ìwé tí a fi wà nílùú yìí kò jẹ́ kí a sún mọ́ owó yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbé èyí tì.

* * *

Ìyá ọmọ tún kọ̀wé: tíṣà sọ lójúkojú pé bí ọmọ ò bá lo oògùn, òun ò lè gbà á ní kíláàsì mọ́.

Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní kọ ọ́. Texas ṣe òfin ní 2003 pé òṣìṣẹ́ iléèwé kò gbọdọ̀ dábàá oògùn ọpọlọ fún ọmọ, kò gbọdọ̀ fún àìsàn rẹ̀ lórúkọ, wọn ò sì gbọdọ̀ lé ọmọ kúrò ní kíláàsì torí pé òbí ò gbà. Ìjọba àpapọ̀ náà fi irú rẹ̀ sínú òfin ní 2004. Tíṣà lè sọ ohun tó rí: "kì í jókòó, kì í parí iṣẹ́." Ibẹ̀ ni kó dúró.

Èyí tó dùn mí jù nípa Texas yìí nìyí. Láti 2004, àjọ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ fi ìwọ̀n 8.5 nínú 100 sílẹ̀ fún iye ọmọ tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe. Agbègbè iléèwé tó bá kọjá rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Ìwé ìròyìn Houston Chronicle ló tú àṣírí rẹ̀ ní 2016, wọ́n fagi lé e ní 2017, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ní 2018 pé ó lòdì sófin. Ẹ gbé e wò: iléèwé ń sá fún ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́, dókítà nìkan ló ṣílẹ̀kùn, oògùn ló sì wà lọ́wọ́ dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni òbí á wá máa jẹ́bi pé ó fi oògùn bọ́ ọmọ.

* * *

Ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá Bissonnet ní Houston, níbi tí Yorùbá pọ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà. Ìyá kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, aṣọ iṣẹ́ òru ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń fi ìka kan gbogbo páálí ṣingọ́ọ̀mù tó wà níwájú káńtà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀tún sí òsì, ó dé ìparí, ó padà. Oògùn rẹ̀ ò sí. Èyí tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ti tán. Èyí tó ní orúkọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń tì, ṣùgbọ́n ìnṣọ́ránsì ní àfi kí dókítà kọ̀wé wá sọ ìdí. Oògùn yìí wà ní ìsọ̀rí kejì lábẹ́ òfin oògùn tó lè di bárakú, òun àti fentanyl, oògùn ìrora tó le gan-an. Kò sí rìfíìlì, ìwé tuntun ni nígbàkigbà. DEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ló ń pín iye tí wọ́n lè ṣe lọ́dún, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn, sì kéde ní oṣù kẹwàá 2022 pé Adderall, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ADHD, wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé oògùn kì í sọ lórí fóònù bóyá àwọn ní in, wọ́n ń bẹ̀rù olè.

Ẹni tó ní mọ́tò, àyè àti káàdì báńkì á wá a kiri Houston. Ẹni tó ní wákàtí díẹ̀ láti sùn kó tó padà síbi iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ kò ní lò ó lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà á kọ̀wé sílé pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́.

* * *

"Wọ́n fẹ́ fi oògùn pa ọpọlọ àwọn ọmọkùnrin dúdú." Baba kan ní Atlanta ló kọ ọ́, inú bí i, mo sì mọ ibi tí ìbínú náà ti wá. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbè é lẹ́yìn bó ṣe rò. Ìwádìí kan ní 2013, tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti KG dé kíláàsì kẹjọ, rí i pé bí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun bá tilẹ̀ ń hu ìwà kan náà, ọmọ dúdú kì í tètè rí ẹni pe tirẹ̀ ní ADHD, kì í sì í rí oògùn gbà tó ọmọ funfun. Kí ló ń rí gbà? Ìlékúrò níléèwé. Ìṣirò iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tó jáde ní 2014 ní wọ́n ń lé ọmọ dúdú kúrò fún ìgbà díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta ti funfun. Ìwà kan, ẹjọ́ méjì: ti ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ dókítà, ti èkejì lọ sọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé.

Ibi tí baba yìí ti jàre ni ti àwọn ọmọ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ òbí, tí wọ́n fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Ní 2011, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ìjọba àpapọ̀ wo ìpínlẹ̀ márùn-ún, Texas wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ń gba oògùn ọpọlọ lóríṣiríṣi ní ìlọ́po 2.7 sí 4.5 ti àwọn ọmọ mìíràn tó wà lórí Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún tálákà. Ọmọ tí kò ní ìyá nítòsí tó lè bínú, òun ni oògùn ń pọ̀ fún.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ "ẹ dá a padà sí Nàìjíríà, kó lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà":

Ó ti ṣe àwọn kan láǹfààní, mi ò ní jiyàn. Àgbàlá wà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà, ọmọ ń sáré títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé kíláàsì tí ọmọ pọ̀ bíi mọ̀ǹbé nínú rẹ̀, àti tíṣà tó ní pàṣán. Bí ọmọ bá nílò oògùn lóòótọ́ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn bíi UCH n'Íbàdàn, Yábàá tàbí Àró lẹ máa lọ, oògùn náà kò sì sí ní gbogbo káńtà. Ẹ̀ẹ̀mejì, ní 2019 àti 2021, ni àjọ ìlera àgbáyé kọ̀ láti fi methylphenidate, ìyẹn oògùn inú Ritalin, sí àkójọ oògùn kò-ṣeé-mánìí. Èyí kò jẹ́ kí ìjọba orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó ka rírà rẹ̀ sí.

Ẹni tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni oògùn fún ọmọdé. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yin náà ló sọ pé ọmọ yín wà lórí ìlà láti ìgbà tó wà ní Year 2, ó sì ti wọ Year 4 báyìí. Owó kọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín, ọdún ni. Ẹni tó bá lè san ti àdáni á fo ìlà náà. Nígbà tí oògùn tún wọ́n ní oṣù kẹsàn-án 2023, ọ̀fẹ́ kò mú un wá sórí pẹpẹ.

* * *

Ìjà oúnjẹ tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin ìyá méjì yẹn, tí ọ̀kan ní oògùn kì í jẹ́ kí ọmọ jẹun, tí èkejì ní kì í jẹ́ kó ga: ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Oògùn yìí ń pa ebi. Ráìsì tí ẹ dì fún un á padà wálé bó ṣe lọ, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni yóò máa ṣí fíríìjì. Ẹ fún un ní oúnjẹ tó lágbára kó tó lò ó láàárọ̀: ẹyin, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà. Ti gíga náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Nínú ìwádìí MTA, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 579 ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń lo oògùn láìdáwọ́dúró kúrú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ìwádìí kan náà rí i pé oògùn tí wọ́n ń bójú tó dáadáa ta yọ ní oṣù 14 àkọ́kọ́, àmọ́ nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ láàárín ìtọ́jú kan àti èkejì ti parẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oògùn nìkan ló máa gbé ọmọ dé yunifásítì ti ka ìdajì ìwé.

Baba ọmọ tó ń bẹ̀rù oògùn olóró: ìwádìí kò fi hàn pé ọmọ tó ń lò ó bí dókítà ṣe ní kó lò ó ló ń di ajoògùnyó. Bí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, kó má bàa jí i lò. Ẹ máa ka hóró inú ìgò.

* * *

Ìyá ọmọ tún dé: "Baba ẹ̀ ti gbà kí á kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Iléèwé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ti dókítà á tẹ̀ lé e. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọmọ yín fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ìlà mẹ́ta tó. Ẹ má lo ẹnu, ẹ má lo fóònù, ìmeèlì ni kẹ́ ẹ lò. Ní Texas, wọ́n ní ọjọ́ iléèwé 15 láti fèsì, àti ọjọ́ iléèwé 45 láti parí àyẹ̀wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́dọ̀ dókítà, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ bi í pé: tí ẹ bá fi ọmọ yìí wé ọmọ KG, ṣé ó ṣì ju tiwọn lọ? Ẹ ní kó yẹ etí rẹ̀ wò, kó sì béèrè bó ṣe ń sùn. Ọmọ tó ń han-run lóru kì í fara balẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ gba fọ́ọ̀mù kejì fún ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n, tíṣà ilé ìjọsìn tàbí ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀ lálẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì tọ́ka síbì kan náà, ẹ gba oògùn náà, kí ẹ sì béèrè fún ẹ̀kọ́ òbí lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ ní àwọn kan ń ṣe é lórí fídíò nírọ̀lẹ́, pé ẹ fẹ́ èyí tó bá àkókò iṣẹ́ òru yín mu.

Ẹ fi ìmeèlì yẹn ránṣẹ́ lónìí kẹ́ ẹ tó sùn. Ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ wọn ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka 15 náà.